Ọdún mọ́kàndínlógún ní Àkúrẹ́ kí n tó gun Òkè Ìdànrè

Ojú ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta fóònù àti ṣájà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, Ìdànrè kò sì pé kìlómítà 30 sí ibi tí mo ń jókòó sí. Ọmọ bíbí Àlàdé-Ìdànrè ni màmá mi. Síbẹ̀ n kò gun òkè náà rí. Gbogbo ọdún Àjíǹde ni mo máa ń lọ sí Àlàdé, n ó jẹ iyán, n ó wo àwọn àpáta yẹn láti ojú fèrèsé, n ó sì padà sílé. Ta ni yóò sanwó kí ó tó wo ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀?

Táyọ̀ ló dójú tì mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Manchester. Ó wálé lóṣù kejì, kò tíì tú àpótí rẹ̀ tó fi ń bi mí pé, "Àǹtí, ọjọ́ wo la máa gun òkè?" Ó ní láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ó ní Sukur tó wà ní Adámáwá ti wọlé ní 1999, igbó Òṣun ti Òṣogbo wọlé ní 2005, tiwa ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè ló ń sọ èyí fún èmi! Mo ní ó dáa, Ọjọ́rú. Màmá mi gbọ́, ó ní òun náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní gun nǹkan kan.

Ẹ fi ti Ọjọ́rú yẹn sọ́kàn, torí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo ní nìyẹn. Àwọn tó ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi tàbí lọ́jọ́ Sátidé máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé àti ẹgbẹ́ ìjọ pàdé lórí àtẹ̀gùn, gbohùngbohùn á sì tẹ̀ lé wọn gòkè. Lọ́jọ́ tiwa, èmi àti Táyọ̀ péré ló tẹ̀ lé amọ̀nà wa.

A wọ ọkọ̀ tó ń ná Ìdànrè ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn àpáta náà fi yọ lókè igi, dúdú, wọ́n ń dán níbi tí oòrùn ti bà wọ́n. Lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sá kòkó sórí sìmẹ́ǹtì àti tapólì, òórùn rẹ̀ tó kan díẹ̀ sì wọ inú ọkọ̀. Kòkó ni ìlú yìí fi ń jẹun, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ bá rí níbẹ̀, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé kòkó ló kọ́ ọ.

Bí ọkọ̀ bá ti dé Àlàdé ni ẹnu màmá mi máa ń yí padà. Ilé á di ulé, iyán á di uyán. Táyọ̀ rò pé wọ́n ń bínú sí awakọ̀ ni. Orúkọ àtijọ́ ìlú náà gan-an, Ufẹ̀-Òkè ni, ìyẹn Ifẹ̀ orí òkè, nítorí wọ́n gbà pé láti Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti wá. Ní ti Ìdànrè, àwọn àgbà sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ rí àwọn àpáta wọ̀nyẹn ló kígbe pé, "Ìdán rè é!" Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣáà dúró sísàlẹ̀ Òkè Orósùn, ọ̀kan lára àwọn òkè náà, kí ẹ sọ nǹkan mìíràn.

Ní ẹsẹ̀ òkè, a sanwó ìwọlé, a sì gba amọ̀nà. Méjèèjì pa pọ̀ kò tó owó tí mo fi jẹ iyán àti ẹran ọ̀yà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, torí náà ẹni bá ń sọ pé ó wọ́n, kò tíì jẹun ní Àkúrẹ́ láìpẹ́ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ mú wa lọ, ó ń da èdè òyìnbó bolẹ̀ nítorí Táyọ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí bàbá kan tó wọ sálúbàtà rọ́bà, tó jókòó sórí òkúta, tí ń gé èékánná. Mo ní bàbá yẹn ni mo fẹ́. Ohun tó dáa jù tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún amọ̀nà àgbà, kí ẹ sì ní kó fi Yorùbá bá yín sọ ọ́. Èdè òyìnbó tí wọ́n ti há sórí máa ń yá, ó sì máa ń tètè tán.

Bàbá yẹn kí màmá mi, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ sílé, ìyá." Màmá mi jókòó sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń dín àkàrà lábẹ́ igi, ó sì pè mí mọ́ra kí n tó lọ. Ó ní ìyá òun sọ fún òun pé ilé àwọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún ààfin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kan tó rí bí adìẹ tó sàba. Ó ní tí n bá débẹ̀, kí n bá òun wò ó bóyá ìdí ògiri ṣì kù. Màmá mi ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ adìẹ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí.

Kí ń ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀tàn. Orí òkè ni gbogbo Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń lọ ṣe ọdún níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé wọn, ọjà wọn, ọba wọn, òkú wọn. Ní ayé ogun, ta ló fẹ́ gun àpáta wá jà? Ìgbà tí ogun wá kásẹ̀ nílẹ̀, tí òyìnbó dé, tí kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé, òkè náà di ìnira. Oko wà nísàlẹ̀, ọ̀nà mọ́tò wà nísàlẹ̀, ta ni yóò máa ru àpò kòkó gòkè? Láti àwọn ọdún 1920 títí wọ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì tẹ Odòde, Àlàdé àti Àtòsín dó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà lónìí. Ìyá màmá mi wà lára àwọn tó sọ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀, wọ́n pọ̀n ọ́n ni.

Àtẹ̀gùn wá kù. Àwọn kan sọ pé 660 ni, àwọn mìíràn ní 682. Èmi ka 214, alángbá olórí pupa kan sáré kọjá lẹ́sẹ̀ mi, mo sọ kíkà nù. Sìmẹ́ǹtì ni, irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ lè dì mú, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n fi òrùlé bò. Ẹ má ṣe bí akọni. Ní ti àkọ́kọ́, mo dúró torí Táyọ̀. Ní ti ìkejì, Táyọ̀ ló dúró torí mi. Ní ìkẹta, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá amọ̀nà kò mí hẹlẹ rárá, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì àti iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́dún tó kọjá.

Kánfáàsì ni kí ẹ wọ̀. Mo rí obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro lọ́wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, n kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì gbé ọ̀rá rẹ̀ padà, nítorí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí àwa agunkè ń jù sẹ́bàá àtẹ̀gùn ti ń hu bí ewéko. Táyọ̀ ṣa mẹ́tàdínlógún kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la lọ. Àpáta yẹn máa ń yọ̀ bí ilá tí òjò bá rọ̀, bàbá ní tí òjò bá ṣú, òun kì í mú ẹnikẹ́ni lọ, iye tó wù kí ó fẹ́ san.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ilẹ̀ tẹ́jú. Mo ti rò pé a ó kàn dé orí àpáta, a ó wo ìsàlẹ̀, a ó ya fọ́tò, ó parí. Àtẹ̀gùn tán, a tún rìn díẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n bínú, àfi bí ilẹ̀ ṣe ṣí sílẹ̀ bí àwo, tí àwọn òkè ńláńlá yí i ká, àwọn mìíràn ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí òkun. Ìlú wà nínú àwo yẹn. Ìlú tí èèyàn kò sí nínú rẹ̀.

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí ọ̀rá omi ṣe ń dún lọ́wọ́ Táyọ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹ̀rọ ata kan láti Odòde lọ́hùn-ún, ó ń lọ kùù, kùù, ó dúró. Ẹni tó ń lọ ata ti gba ata rẹ̀ lọ nìyẹn. Èmi tí mo ń gbé láàárín jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà lójoojúmọ́, mo jókòó sílẹ̀ lórí òkúta, n kò fẹ́ kúrò. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo sanwó fún, èmi ò ní pe fọ́tò, n ò sì ní pe àtẹ̀gùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni, bíi wákàtí kan ààbọ̀.

Bàbá mú wa yíká. Ilé ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀, ó ní 1896 ni. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Kóòtù àtijọ́, tó ní wọ́n ti ń dájọ́ níbẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó dé. Mo ní tí wọ́n bá mú olè lóko nísàlẹ̀ ńkọ́? Ó ní wọ́n á mú un gòkè wá. Ìgungun yẹn nìkan ti tó ẹ̀wọ̀n.

Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù ti rọ́pò ewé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ṣì dúró yí àgbàlá ká, àwọn ère inú igi ń wò yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú òmíràn ti jẹrà, ọwọ́ òmíràn ti lọ. Agbárí màlúù tò sára ògiri láti ọdún dé ọdún. Àgbàlá wọlé sínú àgbàlá, bí ẹ bá ti wọ ìkẹta, ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ gbà wọlé mọ́. Bàbá bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kí ó tó wọlé, kò sọ fún wa pé kí a bọ́ tiwa, a rí i, a bọ́ ọ. Ó ní nígbà ọdún, Ọwá ṣì máa ń gòkè wá dé adé àtayébáyé níbẹ̀. Mo bi í léèrè pé ọba náà ń gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn bí? Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ojú ẹsẹ̀ kan ni lára àpáta, wọ́n sì sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ti ọmọdé, ti àgbà, ti Gòlíátì pàápàá, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́ nìkan. Táyọ̀ ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́ kíá. Ó kàn mí, mo ń ṣe jẹ́jẹ́. Bàtà 41 ni mo ń wọ̀, tí kò bá wá wọlé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé Ọjà Ọba. Ó wọlé. Mo ní kí Táyọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rí ni. Àwọn àmì kan tún wà lára àpáta mìíràn tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè kà á. Táyọ̀ gbé fóònù sí i bóyá Google á túmọ̀ rẹ̀. Google ò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Ohun kan wà tí Táyọ̀ wá torí ẹ̀ tí a kò rí. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè yìí tí wọn kò tíì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Ní 1963 ni àwọn onímọ̀ ti fún un lórúkọ, lẹ́yìn náà ó pa mọ́ fún wọn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó tún rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú odò bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ yòókù, ara àpáta tó tutù, níbi tí omi ń ṣàn bí òógùn, ni wọ́n ń dàgbà sí. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí Táyọ̀ fi àwòrán rẹ̀ hàn án. Ó ní, "Èyí tó ń fò wá sílé wa nígbà òjò? Ẹ padà wá lóṣù keje." Nígbà tó sì jẹ́ pé òun náà ni kì í mú èèyàn gòkè tí òjò bá ṣú, n kò mọ bí a ó ṣe ṣe é.

Mo wá wá àpáta adìẹ. Mo dúró níwájú ààfin, mo wo ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, lórí òkè Ìdànrè, àpáta wo ni kò rí bí adìẹ tó sàba? Mo ka mẹ́rin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, mo rí ìdí ògiri amọ̀ tí koríko ti bò, òkúta ààrò mẹ́ta sì wà láàárín rẹ̀, dúdú lápá inú títí di òní. Mo fọwọ́ kàn án. Mo ya fọ́tò rẹ̀ mẹ́fà. Mo gbà pé mo ti rí i.

Sísọ̀ kalẹ̀ ni eékún ń rójú. Gígun òkè kò ṣe mí ní nǹkan kan, sísọ̀ ló fọ́ mi lórúnkún. Ẹni tí eékún rẹ̀ bá ń dùn ún tẹ́lẹ̀, kí ó wá ọ̀pá dání.

Màmá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra gbogbo àkàrà obìnrin yẹn tán. A lọ jẹun ní Odòde, ní ilé oúnjẹ kan tí n kò lè dárúkọ rẹ̀ nítorí kò ní pátákó, ẹ ṣáà tẹ̀ lé ìró odó. Wọ́n gún iyán náà lójú wa, obìnrin méjì, ọmọ odó méjì, kò sí ẹ̀rọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fà, kò ní kókó, ó gbóná débi pé mo ń fẹ́ ìka. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ọ̀yà tí wọ́n yan kí wọ́n tó sè é, èéfín ṣì wà nínú awọ rẹ̀. Táyọ̀ béèrè ṣíbí. Ìyá olóúnjẹ ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ṣíbí ṣe?" Ó sì gbé abọ́ omi ìfọwọ́ síwájú rẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn, iyọ̀ ọbẹ̀ náà ìbá dín díẹ̀.

Ibi tí a sùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìtura kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gba owó wa pé omi ń yọ, kò yọ, garawa kan ni wọ́n gbé fún èèyàn mẹ́ta. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ gééré. Oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ní ó wà nínú owó dé ní aago mọ́kànlá, búrẹ́dì àti ẹyin kan, nígbà tí a ti di ẹrù wa. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ méjì, fèrèsé ló sì ni ọ̀kan nínú rẹ̀, torí ó kọjú sí òkè náà tààrà. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, ìkùukùu bò ó dé ìbàdí, orí àpáta nìkan ló ń yọ. Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò. Tàbí kí ẹ padà sí Àkúrẹ́ lọ sùn, kò jìnnà.

Ní ti òkè fúnra rẹ̀, mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún. Mo yọ ààbọ̀ kúrò nítorí àwọn ilé orí òkè yẹn ń wó, amọ̀ kì í dúró de UNESCO. Ẹ gun un ní àárọ̀ kùtù, ẹ má jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán bá yín lórí àtẹ̀gùn.

Inú ọkọ̀ tó ń dá wa padà sí Àkúrẹ́ ni mo ti fún màmá mi ní fóònù, mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, ilé yín rè é. Ààrò yín rè é." Ó gba fóònù, ó fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi bí Táyọ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó wo àkọ́kọ́. Ó wo èkejì. Ó wò wọ́n títí dé ìkẹfà. Ó dá fóònù padà fún mi.

"Kì í ṣe ibí yìí," ó ní. "Adìẹ tiwa kọjú sí ìlà-oòrùn."

A ti fi ìpadàlọ wa sí oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí òjò bá ti lọ. Màmá mi ní òun á gùn ún dé ibi ìsinmi kejì, kí á wá wò ó bóyá ẹnìkan á lè pọn òun dé òkè.